Ẹ̀rọ Amúlétutù ní Òkè-Ògùn: Ṣé Gíga Ilẹ̀ Ni, àbí Ọyẹ́?

Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé bí èèyàn bá ṣe ń gun òkè lọ, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i. Ọmọ Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Ìgbòho tàbí Tedé tó bá gbọ́ èyí lè wá bi ara rẹ̀ pé: ṣé gíga ilẹ̀ wa ló fà á tí ẹ̀rọ amúlétutù, tí gbogbo wa ń pè ní AC, fi máa ń yọni lẹ́nu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ó ṣe tán, Òkè-Ògùn ni wọ́n ń pe ibẹ̀.

Ìbéèrè tó dáa ni, owó sì wà nídìí ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó bá gbà pé gíga ilẹ̀ ni yóò lọ ra ẹ̀rọ tó tóbi ju yàrá rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbà pé gáàsì ló tán yóò máa sanwó gáàsì lọ́dọọdún. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé gíga Òkè-Ògùn ní ipa tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ipa náà kéré. Afẹ́fẹ́ tó gbẹ, eruku ọyẹ́, oòrùn oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, àti iná tí kì í dúró sójú kan ni ká kọ́kọ́ wò.

Báwo ni Òkè-Ògùn ṣe ga tó?

“Òkè” tó wà nínú orúkọ náà kì í ṣe ti òkè ńlá nìkan. Apá òkè odò Ògùn ni. Ní àwọn òkè tó wà nítòsí Ṣakí ni odò náà ti ṣẹ̀ wá, kó tó ṣàn gba ìhà gúúsù lọ títí dé ọ̀sà Èkó.

Ṣakí ga tó nǹkan bí 450 mítà ju ìpele òkun lọ. Ìsẹ́yìn ga tó nǹkan bí 300 mítà. Ẹ fi wé Ìbàdàn tó jẹ́ nǹkan bí 200 mítà, àti Èkó tí kò ju mítà díẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ẹ bá gbé Ṣakí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos, tó ga ju 1,200 mítà lọ, ẹ ó rí i pé Ṣakí ò tíì gun òkè. Addis Ababa, olú ìlú Ethiopia, ga ju 2,300 mítà lọ, La Paz ní Bolivia sì ga ju 3,600 mítà lọ.

Ní etí òkun, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1,013 hectopascal. Ní Ṣakí, ó jẹ́ nǹkan bí 960. Ìyẹn ni pé a pàdánù nǹkan bí 5 nínú 100. Ní Jos, ohun tí wọ́n pàdánù jẹ́ nǹkan bí 13 nínú 100. Omi tó ń hó ní 100 dígíìrì ní Èkó máa ń hó ní nǹkan bí 98.5 dígíìrì ní Ṣakí. Kò sí ẹni tó ń ro àmàlà ní Ṣakí tí yóò mọ ìyàtọ̀ yẹn lára.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe

Ẹ̀rọ amúlétutù kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru ló ń kó láti inú yàrá lọ síta. Gáàsì kan wà tí wọ́n sé mọ́ inú àwọn ọ̀pá bàbà rẹ̀. Nínú apá tó wà nínú yàrá, gáàsì yìí máa ń wà bí omi tó tutù gan-an. Yóò fa ooru yàrá mọ́ra, yóò sì di gáàsì. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yóò wá fún un pọ̀ títí yóò fi gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ. Nígbà tó bá dé apá tó wà níta, fáànù ibẹ̀ yóò fẹ́ ooru náà dànù, gáàsì yóò tún di olómi, yóò sì padà wọlé wá kó òmíràn. Bó ṣe ń yípo nìyẹn títí di ìgbà tí ẹ bá pa á.

Ẹ kíyè sí i pé sísé ni wọ́n sé gáàsì náà mọ́ inú ọ̀pá. Afẹ́fẹ́ ìta ò débẹ̀, nítorí náà gíga ìlú ò yí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pá padà. Ibi tí gíga ti lè wọlé ni afẹ́fẹ́ tí fáànù méjèèjì ń fẹ́. Ìwọ̀n àyè ni fáànù mọ̀, kò mọ ìwúwo. Iye afẹ́fẹ́ tó ń gbá kọjá ní ìṣẹ́jú kan ò yí padà, àmọ́ níbi tí fáànù Èkó ti gbé 100 kílò afẹ́fẹ́, ti Ṣakí gbé nǹkan bí 95. Afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ kì í lè gbé ooru tó bí èyí tó wúwo. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó wà ní Ṣakí lè pàdánù díẹ̀ nínú agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí ẹni tó sùn sínú yàrá yóò mọ̀. Àwọn tó ń gbé Addis Ababa tàbí La Paz ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣírò gíga kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ.

Gééjì tí àwọn oníṣẹ́ AC fi ń wọn gáàsì náà kan ọ̀rọ̀ yìí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín gáàsì inú ọ̀pá àti afẹ́fẹ́ ìta ló ń kà. Torí pé afẹ́fẹ́ Ṣakí fúyẹ́ díẹ̀, gééjì yóò fi nǹkan bí 0.8 psi lé ohun tí ì bá kà ní Èkó. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì R-410A, tí gééjì rẹ̀ máa ń lé ní 100 psi lápá ibi tó tutù, ìyẹn ò tó nǹkan kan.

Bí ẹ bá ń wá ohun tí gíga ń bá jà ní tòótọ́, ẹ wo jẹnẹrétọ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nílò afẹ́fẹ́ láti fi sun epo. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní ohun tó ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ ọn máa ń pàdánù nǹkan bí 3 nínú 100 agbára rẹ̀ fún 300 mítà kọ̀ọ̀kan tó bá gùn. Ní Ṣakí, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5 nínú 100, ooru ọ̀sán yóò sì tún yọ díẹ̀ kúrò. Ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tó kàn tó gbé AC kan ní Èkó lè rí i pé ní Ṣakí, bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá fẹ́ gbéra, jẹnẹrétọ̀ náà á máa kérora. AC kọ́ ló bàjẹ́ níbẹ̀.

Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́

Lọ́dún 1902, Willis Carrier, ẹnjiníà ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ètò ẹ̀rọ kan fún ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ẹ̀rọ amúlétutù òde òní àkọ́kọ́. Kì í ṣe torí pé ooru ń mú àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣe pè é. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú kí bébà máa wú, kí ó sì máa súnkì, tí àwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sí i kì í fi í bọ́ sójú ibi tó yẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí ti jẹ́ méjì: ó ń mú afẹ́fẹ́ tutù, ó sì ń fa omi kúrò nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ kejì yìí ló ya Èkó sọ́tọ̀ sí Òkè-Ògùn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà lọ́jà wa gẹ́gẹ́ bí 1.5 HP máa ń kó ooru tó nǹkan bí 12,000 BTU ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bí 3.5 kílówáàtì. Kí lítà omi kan tó lè dì láti inú afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ náà ní láti kó nǹkan bí 2,450 kilojoule kúrò. Bí ẹ̀rọ náà bá ń sun lítà omi kan ní wákàtí kan ní Èkó, ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo agbára rẹ̀ ló lọ sórí omi nìkan, kó tó kan ooru yàrá.

Ní Ṣakí nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ dáadáa, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ọ̀sán lè wálẹ̀ sí nǹkan bí 20 nínú 100. Omi tí ẹ̀rọ lè rí fà jáde kò tó nǹkan. Rọ́bà tó ń da omi síta lè gbẹ pátápátá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹni tó bá ti gbé Èkó rí lè rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ nítorí pé kò sun omi mọ́. Kò bàjẹ́. Kò rí omi ni. Gbogbo agbára rẹ̀ ló wá ń lò sórí ooru, ìdí sì nìyẹn tí yàrá fi máa ń yára tutù nínú ọyẹ́ ju bó ṣe ń tutù nígbà òjò lọ.

Ìdààmú tó wà níbẹ̀ ni ti ara èèyàn. Afẹ́fẹ́ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀rọ ń fẹ́ káàkiri yàrá láti alẹ́ mọ́jú, máa ń mú kí ọ̀fun gbẹ, kí ètè là, kí imú àwọn ọmọdé sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ tàn án nínú ọyẹ́, ẹ má ṣe gbé e sí 16 dígíìrì. Ní 26 tàbí 27, ara á tutù, owó iná á sì dínkù.

Eruku ọyẹ́

Ọyẹ́ kì í dá wá. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń gbé eruku bọ̀, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, tí eruku rẹ̀ ń fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa láàárín oṣù Bélú sí Èrèlé. Eruku yìí máa ń lẹ̀ mọ́ fílítà tó wà nínú apá inú yàrá, ó sì máa ń há sáàárín àwọn irin pẹlẹbẹ tó yí ọ̀pá bàbà ká ní apá ìta.

Bí eruku bá dí apá ìta, ooru kò ní ríbi jáde. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yóò máa fi agbára tó pọ̀ sí i fún gáàsì pọ̀, yóò máa jẹ iná sí i, yóò sì máa gbóná títí ohun tó ń dáàbò bò ó yóò fi pa á. Bí ó bá sì jẹ́ fílítà inú yàrá ló dí, afẹ́fẹ́ kò ní kọjá lórí ọ̀pá tó tutù bó ṣe yẹ, yìnyín á bẹ̀rẹ̀ sí í dì sára ọ̀pá náà. Ẹni tó ni ilé á rí i pé AC ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n kò tutù. Ohun tó sábà máa ń ti ẹnu jáde ni pé, “Gáàsì rẹ̀ ti tán.”

Gáàsì AC kì í ṣe epo bẹntiróòlù tí ẹ̀rọ ń jó. Sísé ni wọ́n sé e. Bí ó bá dínkù, ibì kan ló ti ń jò. Ẹni tó bá rọ gáàsì mìíràn sí i láìwá ibi tó ti ń jò, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ló ń ṣe, gáàsì tuntun náà á sì tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Èyí tó burú jù ni kó jẹ́ pé gáàsì ò tilẹ̀ jò rárá, pé fílítà nìkan ló dí. Wọ́n á wá rọ gáàsì lé gáàsì, èyí tó pọ̀ jù náà á sì di ìyọnu tuntun fún kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ayé lápapọ̀ pẹ̀lú. R-22, gáàsì àtijọ́ tó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àlòkù, wà lára àwọn tí àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 ń mú kúrò nílẹ̀ nítorí pé ó ń ba ìpele ozone jẹ́. R-410A kò ba ozone jẹ́, ṣùgbọ́n kílò kan rẹ̀ tó bá jò ń mú ayé gbóná ju kílò 2,000 carbon dioxide lọ. Ti R-32, tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun, jẹ́ 675, ṣùgbọ́n ó lè gbiná, nítorí náà ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó fọwọ́ kàn án.

Oòrùn Ẹrẹ́nà àti iná

Bí ọyẹ́ bá ti lọ tán, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, ni Òkè-Ògùn máa ń gbóná jù. Gíga ilẹ̀ ì bá ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, torí pé 450 mítà yẹ kó yọ nǹkan bí dígíìrì 3 kúrò nínú ooru. Ṣùgbọ́n a jìnnà sí òkun, a ò sì sí nínú igbó kìjikìji. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa. Ọ̀sán Ẹrẹ́nà lè kọjá 35 dígíìrì dáadáa.

Iye 35 yìí ṣe pàtàkì. Ní 35 dígíìrì ìta ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ amúlétutù sábà máa ń wọn agbára tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí ìta bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbára rẹ̀ á máa dínkù, iná tó ń jẹ á sì máa pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá wá so apá ìta mọ́ ògiri ìwọ̀ oòrùn, lábẹ́ páànù, afẹ́fẹ́ tó ń gbá lè gbóná ju ti àárín ìlú lọ dáadáa. Gíga ìlú lè gba agbára díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà. Ògiri tí a so ó mọ́ lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iná náà ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ wa retí 230 fóòtì. Ní ìparí wáyà tó jìnnà sí tiransifọ́mà, iná lè wálẹ̀ gan-an lálẹ́ nígbà tí gbogbo ilé bá ń lò ó. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí iná kò tó ń fa kọ́rẹ́ǹtì sí i láti fi ṣe iṣẹ́ kan náà, kọ́rẹ́ǹtì yẹn ló sì ń sun wáyà inú rẹ̀. Bí iná bá lọ tó sì tètè dé, gáàsì inú ọ̀pá kò tíì balẹ̀, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á gbìyànjú láti gbéra lòdì sí ẹrù tó wúwo. Stabilizer tó ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó gbé iná wọlé kì í ṣe àṣejù ní Òkè-Ògùn. Bí ẹ bá lágbára rẹ̀, AC oní-inverter sàn, torí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń gbéra, ó sì máa ń fara da iná tó ń lọ sókè sódò ju ti àtijọ́ lọ.

Ẹ rántí owó rẹ̀ náà. Ní oṣù Igbe ọdún 2024, àjọ NERC sọ owó iná àwọn tó wà ní Band A di náírà 225 fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan, iye náà sì ti yí padà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ní iye yẹn, ẹ̀rọ tó ń jẹ 1.1 kílówáàtì fún wákàtí mẹ́jọ yóò gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì náírà ní òru kan. Ti ẹ̀rọ tí eruku ti dí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọgbọ́n inú àmù

Àwọn bàbá wa ti mọ ọ̀nà kan tí gbígbẹ afẹ́fẹ́ fi lè ṣiṣẹ́ fún wa. Omi inú àmù máa ń tutù nínú ọyẹ́ ju ìgbà òjò lọ, torí pé omi tó ń sun jáde lára amọ̀ ń gbẹ, ó sì ń kó ooru lọ. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní àríwá Nàìjíríà, fi ìlànà yìí ṣe ìkòkò inú ìkòkò tó ń tọ́jú ẹ̀fọ́ àti èso, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Rolex lọ́dún 2000.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní “air cooler” lọ́jà, èyí tí à ń bu omi sí, ń lo ìlànà kan náà. Bí afẹ́fẹ́ bá wà ní 36 dígíìrì, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 20 nínú 100, ibi tó lè tutù dé bí omi bá ń gbẹ lára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 20 dígíìrì. Air cooler tó dáa lè mú un dé 24. Ní Èkó, ní 32 dígíìrì pẹ̀lú ọ̀rinrin 75, kò lè kọjá 28 bó ti wù kó ṣe. Ohun tí ará Èkó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lè wúlò gan-an ní Ṣakí láàárín Ọ̀pẹ sí Èrèlé, fáànù àti páǹpù kékeré nìkan ló sì ń lo iná. Ó fẹ́ kí fèrèsé ṣí díẹ̀, ó sì ń mu omi ní àkókò tí kànga ń gbẹ. Nígbà òjò, kò ní ṣiṣẹ́ kankan.

Ohun tí ẹ lè bá àwọn ará ilé ṣe

Bí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, kí ẹnikẹ́ni tó pe oníṣẹ́ gáàsì, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí. Ẹ yọ fílítà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ; nínú ọyẹ́, ẹ máa ṣe é lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ pa iná, ẹ fi omi tí kò le wẹ apá ìta. Ẹ wò ó bóyá oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa á. Bó bá ń pa á, ẹ ṣe ìbòòji tí kò ní dí afẹ́fẹ́ rẹ̀. Igi máńgòrò tàbí dóńgóyárò tí ẹ bá gbìn síwájú ògiri náà yóò ṣiṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá dàgbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi tẹmómítà kékeré wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ apá inú yàrá àti èyí tó ń jáde. Bí ìyàtọ̀ bá wà láàárín dígíìrì 8 sí 12, ara ẹ̀rọ yá. Nínú ọyẹ́ ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fọ gbogbo rẹ̀, ẹ wá pe oníṣẹ́, kí ẹ sì sọ fún un pé kó wá ibi tó ti ń jò kó tó rọ ohunkóhun sí i.

Ẹ̀yin tó wà ní ọdún ìkẹyìn tẹ́ ẹ ń wá àkòrí iṣẹ́ ìwádìí, ẹ̀rọ tó ń ka ooru àti ọ̀rinrin kò wọ́n mọ́. Ẹ gbé ọ̀kan sí Ṣakí, òmíràn sí Ìsẹ́yìn, ẹ̀kẹta sí Èkó, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ láti oṣù Bélú títí dé oṣù Igbe, pẹ̀lú iye iná tí AC kọ̀ọ̀kan jẹ. Ẹni tó ń ra ẹ̀rọ ní ọjà Ìsẹ́yìn nílò irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sára páálí lọ.